Ọbẹ̀ Ẹ̀fọ́ Ìgbìmọ̀ Àánú

Àwọn kan á ní òwe tí mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ yìí ti wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ilẹ̀ wa. Èmi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá mọ ìtàn tirẹ̀ kó wá sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ní Ìdí-Afọ̀n ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn baba wa ní owó orí sísan, ọkùnrin kan wà ní ìlú náà tó ń jẹ́ Jeremáyà. Díákónì ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àgbẹ̀ oníkòkó ni lóko, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ jẹ́ kí n má pa irọ́ mọ́ ọn: Jeremáyà kì í ṣe òpùrọ́. Ohunkóhun tó bá ń sọ, ó dá a lójú gbangba ní àkókò tó ń sọ ọ́. Bó bá mẹ́nu ba ìyà àwọn aláìní, omi á lé ròrò sí i lójú, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n, àwọn ìyá ìjọ á sì máa fi ìborùn nu ojú. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà lọ lẹ́yìn tó bá ti jókòó ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Féèbè ìyàwó rẹ̀ mọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìdáná tí Jeremáyà ti fi ẹnu tún kọ́ fún un láìmọye ìgbà ṣì ń jò sí i lórí. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti gbọ́ "A ó ṣe é, Ìyá Lídíà" títí, etí rẹ̀ ti di sí i.

Ní ọdún kan, ìjì ńlá kan jà ní Ìdí-Afọ̀n. Ó wó igi, ó gbé adìyẹ, ṣùgbọ́n ilé Ráhẹ́lì opó ló fi ṣe ìjẹ. Ó ṣí òrùlé ilé náà kúrò bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó sì da gbogbo àgbàdo inú àká rẹ̀ sódò. Ráhẹ́lì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ojoojúmọ́ ló ń lọ bá àwọn tó ń ṣòwò èkùrọ́ pa èkùrọ́ nínú oòrùn, iṣu ni wọ́n sì fi ń san owó iṣẹ́ fún un bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọjọ́ tó bá pa èkùrọ́, òun àtàwọn ọmọ jẹun. Ọjọ́ tí kò bá pa á, ebi ni wọ́n ń sùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ráhẹ́lì wá di àríyànjiyàn nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ni Ésírà, Tíṣà ìjọ, ọkùnrin tínrín kan tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò.

"Ta ló ń gba owó orí lọ́wọ́ ọkọ Ráhẹ́lì kó tó kú?" ni Tíṣà bèèrè. "Ṣebí ajẹ́lẹ̀ ni. Ajẹ́lẹ̀ náà ni kó wá bo òrùlé rẹ̀, kó sì bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. A ò lè máa sanwó lọ́hùn-ún ká tún máa sanwó níhìn-ín."

Jeremáyà ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. "Tíṣà, ẹ forí jì mí o. Bí Olúwa bá bi wá lọ́jọ́ kan pé, 'Nígbà tí ebi ń pa opó yìí, níbo lẹ wà?' ṣé ohun tí a ó wí ni pé, 'Olúwa, a ti ránṣẹ́ sí ajẹ́lẹ̀'?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú Jeremáyà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Ẹ̀yin ará, ẹni tó fi àjẹkù tọrẹ kò tíì tọrẹ! Ìfẹ́ tí kò bá dun olúwarẹ̀ dé eegun, ìfẹ́ kọ́ nìyẹn!"

"Ṣé èmi nìkan ni kó máa dùn dé eegun ni?" ni Tíṣà dá a lóhùn. "Kí ló dé tí kò lè dun ajẹ́lẹ̀ náà díẹ̀? Òun ló kúkú ni àpótí owó."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kí n má ṣojúsàájú, Tíṣà kò ṣì sọ: ẹni tó gba owó orí ìlú yẹ kó bojú wo ìlú nígbà ìṣòro. Jeremáyà náà kò ṣì sọ: onígbàgbọ́ tó ń dúró de ìjọba kó tó ṣàánú, ọjọ́ wo ni tirẹ̀? Ṣùgbọ́n àárín òtítọ́ méjèèjì yìí ni Ráhẹ́lì àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn, ògiri yàrá ẹ̀yìn kò sì nípọn, gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n ń gbọ́.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà ìjọ parí ìjà. Wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Àánú sílẹ̀, wọ́n fi Jeremáyà ṣe alága. Wọ́n ní kí Tíṣà lọ bẹ ajẹ́lẹ̀ fún gààrí, kí ìjọ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ẹ̀fọ́ tí wọn yóò fi jẹ ẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò se àsè náà fún Ráhẹ́lì àti gbogbo ẹni tí ìjì bà nínú jẹ́, èyí tó bá ṣẹ́kù yóò sì di oúnjẹ ilé wọn. Tíṣà rin ìrìn àjò náà, ó sì padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ ti sọ fún un pé gààrí ti wà lójú ọ̀nà.

Ó wá ku ẹ̀fọ́. Àṣà kan wà nínú ìjọ Ìdí-Afọ̀n nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ á dìde, á sọ ohun tí yóò ṣe, wọn á lu agogo fún un, gbogbo ìjọ á na ọwọ́ sí i, wọn á sì súre fún un bí ẹni tó ti ṣe é. Á wá jó padà sí àyè rẹ̀. Àṣà tó dára ni, àbùkù kan péré ló ní: ìre tí èèyàn ti gbà sápò, ta ló tún ń sáré lọ san owó rẹ̀?

Lọ́jọ́ ìsinmi náà, Màmá Lóìsì tó ní ọgbà létí odò ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọn yóò rò, tòun ni. Agogo dún. Ìyá Náómì dìde, ó ní irú àti ata wà lọ́rùn òun. Agogo tún dún. Bàbá Gídíónì tó ń fún epo dìde, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ epo níwájú òun, epo tí òun yóò gbé wá, ẹ̀fọ́ á lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Agogo fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ara Jeremáyà kò gbà á mọ́. Alága kì í jókòó kí ọmọ ẹgbẹ́ máa gba ìre lọ. Ó fò dìde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ̀fọ́ lásán kọ́ la máa rò! Mo ní tòlótòló kan nílé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, tòlótòló! Mo fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀ opó!"

Ṣọ́ọ̀ṣì gbiná. Wọ́n lu agogo, wọ́n kọrin, wọ́n súre fún Jeremáyà títí dé orí ọmọọmọ tí kò tíì bí. Féèbè nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó bojú wolẹ̀, nítorí ó mọ tòlótòló náà àti bó ṣe jẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ nígbà Ìkórè láti fi Jeremáyà jẹ Bàbá Ìjọ, tòlótòló náà ni wọ́n ń sìn dè é. Jeremáyà fúnra rẹ̀ ló ń rẹ àgbàdo fún un láràárọ̀. Bó bá wúkọ́, Jeremáyà kò ní sùn. Lídíà ọmọ rẹ̀ kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí.

Bí wọ́n ṣe jáde, Jeremáyà lọ bá Ráhẹ́lì ní yàrá ẹ̀yìn, ìre ṣì gbóná lára rẹ̀.

"Ráhẹ́lì, ọmọ mi, ní Sátidé yìí, má lọ pa èkùrọ́ o. Ìwọ ni àlejò wa. Àlejò kì í pa èkùrọ́ lọ́jọ́ àsè rẹ̀."

Ráhẹ́lì wo àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kàn yà síbẹ̀ láàárọ̀. Nítorí iṣu alẹ́ ni."

"Iṣu kẹ̀? A ń sọ̀rọ̀ tòlótòló, ò ń sọ̀rọ̀ iṣu! Ṣé o fẹ́ dójú ti ìjọ ni?"

Kí ni Ráhẹ́lì yóò wí? Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò èkùrọ́ pé kí wọ́n má retí òun ní Sátidé.

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Ní ọjọ́ Ajé, Jeremáyà jókòó ti tòlótòló, ó ń wò ó bó ṣe ń tẹ́ ìyẹ́ káàkiri àgbàlá. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Lídíà, èmi ń rò ó ni o. Inú tí ebi ti pa pẹ́, ṣé ó lè gba ẹran tòlótòló báyìí? Ẹran tó le ni. Kó má lọ di pé a fi àánú pa wọ́n."

Féèbè ń fẹ́ná lọ.

"Àkùkọ adìyẹ ló máa bá wọn lára mu," ni Jeremáyà wí.

Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, àkùkọ ti di ẹyin. Ó ní ẹyin lónìí, ṣebí àkùkọ ni lọ́la, lójú Ọlọ́run ọ̀kan náà ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹyin náà ti di àdúrà. Ó ṣàlàyé fún Féèbè pé ojúṣe alága gan-an ni láti gbàdúrà sórí oúnjẹ, pé ọbẹ̀ tí a kò gbàdúrà sí, kí ni tòlótòló fẹ́ ṣe fún un?

"Àbí kí lo rí sí i?" ni ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́jẹ̀ẹ́, Bàbá Lídíà," ni Féèbè wí. "Ìkòkò àti igi ìdáná ni mo ní, èmi á gbé tèmi wá."

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Féèbè gbé ìkòkò ńlá kalẹ̀ sórí ààrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó pọn omi sí i, ó dáná. Kò pẹ́ tí ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Aṣọ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n wọ̀, kálukú sì mú abọ́ tirẹ̀ dání, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé ọbẹ̀ yóò pọ̀. Wọ́n gbé àga kan tí kò kán fún Ráhẹ́lì, wọ́n fi òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sí iwájú. Omi hó. Féèbè nu ọwọ́.

"Ó yá o. Ẹ gbé e wá."

Kò sẹ́ni tó mira. Féèbè yíjú sí Ìyá Náómì.

"Irú mi wà nílé, kò sì séwu fún un," ni Ìyá Náómì wí. "Ẹ̀fọ́ ni mò ń dúró dè. Ṣé irú lásán ni kí n wá da sínú omi?"

"Ẹ̀fọ́ a máa rọ," ni Màmá Lóìsì fèsì. "Tí mo bá já a kí epo tó gbóná, ta ló fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ tó rọ? Kí epo kọ́kọ́ gbóná. Ẹsẹ̀ mi yá."

Bàbá Gídíónì tu ọ̀fun. "Ẹ gbé epo kaná láìsí ata nílẹ̀, ilé lẹ fẹ́ sun nìyẹn. Ata ló ń ṣíwájú epo. Ata dà?"

Ata wà lọ́dọ̀ Ìyá Náómì, ẹni tó ń dúró de ẹ̀fọ́. Gbogbo ojú wá kọ sí Tíṣà, Tíṣà sì kọjú sí ọ̀nà. Lójijì, akódà ajẹ́lẹ̀ kan yọ lórí kẹ̀kẹ́. Gbogbo ìjọ dìde fùú. Akódà kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó kọjá lọ sí ìlú kejì.

Oòrùn ti kúrò láàárín orí. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ Ráhẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Jeremáyà rí i pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Alága ni, ó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan. Ó dìde, ó di ojú pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ọ̀rẹ́ mi, àdúrà kọ́ ló gbà, ọbẹ̀ ló sè. "Olúwa, bùkún ẹ̀fọ́ yìí! Bùkún epo rẹ̀ tó ń dán! Bùkún irú rẹ̀ tí òórùn rẹ̀ ń pe ará oko wálé! Bùkún itan tòlótòló tó yọrí láàárín ewé!" Àwọn èèyàn ń ṣe "Àmín," wọ́n ń dá itọ́ mì. Ẹnìkan tilẹ̀ na abọ́ síwájú láì mọ̀. Inú Jeremáyà fúnra rẹ̀ ń kùn. Nígbà tó fi máa dé "Àmín" ìkẹyìn, ó ti dá a lójú pé ọbẹ̀ wà.

Bó ṣe la ojú, Féèbè ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé abọ́ tó ń rú èéfín dání.

"Bàbá Lídíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó."

Gbogbo ìjọ ń wò ó. Jeremáyà gba abọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mu ún. Ó gbé e mì.

"Báwo ni?" ni Féèbè bèèrè.

"Ìyá Lídíà," ni Jeremáyà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "omi gbígbóná ni."

"Ó tì o. Ẹ̀fọ́ tí ẹ rò ní ọjọ́ ìsinmi ni. Mo bá yín gbé e kaná ni, n kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Tòlótòló yín wà níbẹ̀, epo Bàbá Gídíónì wà níbẹ̀. Ẹ mu ún dáadáa, ẹ ó kan ẹran."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Àwọn tó na abọ́ rọra fi í sẹ́yìn.

Ráhẹ́lì ló dìde. Ká ní ó bú wọn ni, ìbá sàn fún wọn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó so ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì kúnlẹ̀ fún ìjọ.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Mo rí i pé ebi ń pa ẹ̀yin náà. Ìjì kò gbé gbogbo ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé mi lọ, gbúre díẹ̀ kù níbẹ̀. Iṣu kan ṣì wà lára ti àná. Ẹ jẹ́ kí n lọ kó wọn wá. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n a ó jọ jẹ ẹ́. Ìyá Lídíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi yẹn tutù."

Ó kọrí sí ọ̀nà ilé rẹ̀ tí kò lórùlé. Òótọ́ ló ń sọ o. Obìnrin náà fẹ́ lọ kó oúnjẹ ìkẹyìn rẹ̀ wá bọ́ Ìgbìmọ̀ Àánú.

Ojú ti Jeremáyà débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó rántí pé òun ló ní kó má lọ síbi èkùrọ́. Iṣu alẹ́ àwọn ọmọ yẹn, òun ló fi ẹnu òun jẹ ẹ́. Omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sọ̀rọ̀. Ó ká agbádá rẹ̀ sọ́rùn, ó sì sáré lọ sílé, òun Díákónì odindi, nínú oòrùn.

Tòlótòló kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ wà lọ́rùn òun. Ó jà. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná sá, ó fi èékánná ha Jeremáyà, ó fa agbádá rẹ̀ ya, wọ́n sì jọ ṣubú lu àmù omi, omi dà lé wọn lórí. Nígbà tí Jeremáyà máa fi padà dé ṣọ́ọ̀ṣì, omi ń kán lára rẹ̀, ìyẹ́ wà nínú irun rẹ̀, tòlótòló sì wà ní abíyá rẹ̀, ó ń pariwo. Ó gbé e lé Féèbè lọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀.

Ẹ ò bá rí eré! Ìyá Náómì ti gbéra, kò dúró de ẹ̀fọ́ mọ́. Màmá Lóìsì ń já tẹ̀tẹ̀ bí ẹni tí olè ń lé. Bàbá Gídíónì fi orí ara rẹ̀ ru ìkòkò epo. Tíṣà Ésírà náà lọ ṣí àpò gààrí ilé rẹ̀, ó ní òun á bá ajẹ́lẹ̀ sọ ọ́ tó bá yá. Nígbà tí Ráhẹ́lì padà dé pẹ̀lú gbúre àti iṣu rẹ̀, wọ́n gba gbúre lọ́wọ́ rẹ̀ kúnlẹ̀kúnlẹ̀, wọ́n sì dá iṣu padà fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun lọ́jọ́ náà títí wọ́n fi sùn sórí abọ́.

Tíṣà kò jẹ́ kí ajẹ́lẹ̀ sinmi o. Akódà dé nígbà tó yá, ó ní wọ́n ń bèèrè bóyá òótọ́ ni ìjì jà, kí wọ́n mú òrùlé tó fò lọ wá kí wọ́n fi ojú rí i. Tíṣà ń lọ, ó ń bọ̀, títí gààrí fi dé lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n sì jẹ ẹ́, torí ẹ̀tọ́ wọn ni.

Bíṣọ́ọ̀bù dé nígbà Ìkórè, kí gààrí yẹn tó dé, ẹ̀fọ́ tí kò lẹ́ran ló jẹ. Ó fi Jeremáyà jẹ Bàbá Ìjọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n ní ó ku ọ̀rọ̀ òrùlé Ráhẹ́lì. Bàbá Gídíónì fò dìde, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ará, òrùlé yẹn! Èmi nìkan, màá bò ó, màá fi—" Ẹni tó ń lu agogo ti gbé e sókè.

Jeremáyà di ọwọ́ agogo mú. Lẹ́yìn rẹ̀, Féèbè ti ń wò ó láti ibi tó jókòó sí. Jeremáyà bọ́ agbádá tuntun rẹ̀ kalẹ̀, ó mú àdá tó ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó sì kọrí sí igbó tí wọ́n ti ń já ewé ìbolé. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó wẹ̀yìn.

"Bàbá Gídíónì, ẹ mú àdá yín, ká lọ. Tí a bá parí tirẹ̀, ilé ìdáná kan wà tí mo jẹ ní gbèsè."

Wọ́n bo òrùlé Ráhẹ́lì kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dìde ní Ìdí-Afọ̀n tó ń ṣèlérí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo, ìbáà ṣe Díákónì, ìbáà ṣe akọ̀wé ajẹ́lẹ̀, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn. Wọn á kàn wo àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ẹni wo abọ́ òfìfo, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní: ẹnu dùn ún ròfọ́.